Ọta Àbọ̀ Tó Hu Ewú

Ẹyin adìẹ ni mo lọ rà lọ́jọ́ náà. N kò tíì pẹ́ ní ìlú kékeré yẹn ní Mòǹtánà, lápá òkè Amẹ́ríkà. Òtútù ṣì ń fà mí létí bí olùkọ́ tó mú akẹ́kọ̀ọ́ apẹ́lẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ti láyà tó láti dá wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo rí ẹyin. Mo rí wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Bí mo ṣe yíjú báyìí, ọta ìbọn ni mo tún rí, páálí pupa, páálí aláwọ̀ ewé, wọ́n tò wọ́n jọ bí páálí ṣúgà. Ìyá arúgbó kan tó ń tẹ ọ̀pá mú páálí kan, ó gbọ̀n ọ́n sétí bí ẹni tó ń wò ó bóyá àgbọn lómi nínú, ó sì jù ú lé búrẹ́dì rẹ̀ lórí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo padà sílé láìra ẹyin kankan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilé tí mo ti jáde, ẹ ó wá mọ ìdí tí ẹnu mi fi là sílẹ̀. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní oko kòkó lọ́nà Ọ̀tan Ayégbajú, ìyá mi ń tọ́jú obì, ó sì ń tà á, ṣùgbọ́n ọdẹ ni Bàbá kó tó di ohunkóhun mìíràn. Nínú ilé wa, èèyàn kì í fi ọta ìbọn ṣeré. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ lójú àlejò. Obìnrin kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, kò sí àwíjàre níbẹ̀. Ọta nìkan ni ọwọ́ obìnrin máa ń dé, ibẹ̀ sì ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá a máa yọ́ òjé nínú ìkòkò irin kan tí etí rẹ̀ ti kán, ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín lọ. Ó máa ń dà á sínú ihò irin kan tí ó jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Tó bá tutù, ọta roboto á bọ́ jáde, á máa dán bí ojú ẹja. Lẹ́yìn náà ló kàn mí. Màá yọ́ ìda oyin pọ̀ mọ́ òrí, màá dúró títí yóò fi fẹ́ẹ́ dì, màá wá máa yí àwọn ọta náà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi wọ ẹ̀wù. Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi. Ó ní, "Òjé tí kò bá wọ ẹ̀wù, ìyà ni yóò fi jẹ inú ìbọn." Tí mo bá ti ṣe tán, Bàbá á kó wọn sínú ahá, igbá kékeré kan, á dé e, á gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé, tí iná ààrò kò sì dé.

Àṣà kan tún wà ní ilé wa tí n kò tíì rí ní ilé mìíràn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ lọ ìrìn-àjò tó jìn, wọ́n á da ọta dè é. Ọta àbọ̀ là ń pè é. Ẹni tó ń lọ gan-an ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á ní òrí, a ó sì tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dé. Ọjọ́ tó bá dé ni Bàbá máa yin ọ̀kan nínú rẹ̀ sínú ọ̀gán ńlá, ilé ikán tó wà lẹ́yìn ilé, kí ilẹ̀ lè gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti padà. Bàbá kì í yìnbọn sókè bí àwọn ẹlòmíràn. Ó ní ẹni tó yìn ín sókè kò mọ orí ìyá ẹni tí yóò sọ̀ lé. Mo rántí ọjọ́ tí àbúrò Bàbá dé láti Gánà. Mo dì mọ́ aṣọ ìyá mi, ìbọn dún, mo bú sẹ́kún, gbogbo ilé sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Èmi náà pa ọta tèmi ní òrí kí n tó lọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá kò sì wo ojú mi. Ó kàn ń wí pé, "Fi sí i dáadáa, Ìyá mi. Jẹ́ kó nípọn." Ìyá mi ló máa ń pè mí, nítorí ó ní mo jọ ìyá òun. Nígbà tí mo parí, ó gbé ahá náà lọ́wọ́, ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé mi dé òkè òkun.

"Tí ọta àbọ̀ kò bá bàjẹ́, ẹni tó lọ ń bọ̀. Tó bá bàjẹ́, ẹni náà kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé mọ́."

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni fífọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ náà kò burú. Ohun tó burú ni pé èèyàn lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kí i. Ní Ìlá, tí mo bá jókòó lásán, wọ́n á kí mi kú ìjókòó. Tí mo bá dúró, wọ́n á kí mi kú ìdúró. Níbẹ̀, mo jókòó, mo dúró, mo fọ aṣọ, mo ká a, ẹ̀rọ nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń kí ara mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o." "Òo, ẹ ṣé o." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá tíì dá wà rí ni kò mọ̀ pé ebi máa ń pa etí náà.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe ilé. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ mi, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn.

"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún?" Bàbá á bi mí.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, Bàbá."

"Hàà! Oòrùn kan ṣoṣo yìí náà! Àwa ti lò ó gbó kó tó kàn yín."

Ẹnu yà á bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo pè, bí ẹni pé òun kò gbọ́ ọ rí. Ká tó dágbére, á wá sọ pé, "Ọta rẹ wà ńbí o." Bàbá mi kì í sọ fún ọmọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọta rẹ wà ńbí o ni tirẹ̀. Èmi náà á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," màá pa fóònù.

Ọdún ń gorí ọdún. Ìwé tí yóò jẹ́ kí n lè jáde kí n sì tún lè padà wọlé kò tíì jáde. Wọ́n ní kí n máa retí, mo ń retí. Ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ohùn rẹ̀ sì ń rọ̀ lórí fóònù. Àjò kò dùn kí onílé má re ilé, gbogbo wa la mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n àjò mi kò tilẹ̀ dùn, n kò sì rí ilé rè. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí, pé kí n má lọ dé bá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ahá mọ́.

Mo ti wá ń lọ wo ọta nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà náà bí ẹni tó ń lọ wo ẹbí. Lọ́jọ́ kan mo rí páálí kan tí kò ní àwòrán, tí ó rí bí ohun tí wọ́n dì nílé. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Ó ní opó kan ló ń da ọta náà fúnra rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú, àwọn tó ń fi ìbọn díje ló ń rà á. Lọ́jọ́ tí n kò níṣẹ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ nínú yìnyín. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni òórùn ìda oyin ti kí mi. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tó kí mi ní Amẹ́ríkà, kí n má purọ́. Omi bọ́ lójú mi lójú ọ̀nà, òtútù sì fẹ́ sọ ọ́ di yìnyín sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

Hẹ́lẹ́nì ni orúkọ ìyá náà. Ó ga, kò sì lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó ní kí n máa pe òun ní Hẹ́lẹ́nì lásán. Ẹnu mi kọ̀. Ta ló bí mi tí màá máa pe ẹni tó ju ìyá mi lọ lórúkọ gbàgà? Màmá Hẹ́lẹ́nì ni mo ń pè é títí dòní. Mo sọ fún un pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi òrí pa ọta. Ó gbé abọ́ ìda rírọ̀ kan fún mi, ó kó ọta díẹ̀ sí i, ó dúró, ó káwọ́ gbera. Mo wá yí wọn bí ìyá bàbá mi ṣe kọ́ mi, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, láìtẹ̀ ẹ́ jù.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Ilé bàbá mi ni, Màmá."

Ó mú aṣọ iṣẹ́ kan lára ògiri, ó jù ú sí mi. Bí mo ṣe kúrò nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ nìyẹn.

Ohun tí mo rí ní ilé iṣẹ́ yẹn, mo lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yìn ilé ni yàrá tí à ń kó ọta sí wà. Kì í gbóná, kì í rin, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Agolo onídèérí ló kún inú rẹ̀, pẹpẹ irin ni a sì tò wọ́n lé. Màmá Hẹ́lẹ́nì kò gbà kí pákó wọ ibẹ̀ rárá. "Pákó ń mí," ó ní. "Èémí rẹ̀ kan. Òjé tó bá ń fa èémí kíkan símú, ara rẹ̀ á jẹrà di lẹ́bú funfun." Ó ní ooru á yọ́ ìda dànù lára ọta, ọ̀rinrin á jẹ òjé, eruku á lẹ̀ mọ́ ìda á sì lọ ha inú ìbọn. Ẹni tó bá ti yẹra fún àwọn yẹn, ó lè gbé ọta jókòó kó sì gbàgbé rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ á bá a bó ṣe wà. "Òjé kì í kú," ó ní. "Àwa la máa ń pa á."

Mo dúró láàrin yàrá náà, orí mi wú. Ibi tí oòrùn kò dé, tí iná kò dé, nínú ohun tó ní ìdérí. Ta ló sọ fún bàbá mi ní Ìlá? Ta ló sọ fún ìyá yìí ní Mòǹtánà? Wọn kò mọ ara wọn rí, wọn kò sì lè gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ń ṣe ohun kan náà. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rò ó mọ́ pé mo wà ní ìparí ayé.

Ó tún sọ fún mi pé ọta tí wọ́n bá jù sínú omi tútù nígbà tó ṣì gbóná máa ń le koko, ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń lọ, á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Mo sọ èyí fún Bàbá lórí fóònù.

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi náà ti le rí."

Díẹ̀díẹ̀ ni ibẹ̀ ń mọ́ mi lára. Mo kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí yìnyín. Màmá Hẹ́lẹ́nì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́. Mo rí òrí rà ní ilé ìtajà ìpara kan, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n pò ó mọ́ ìda, ó kọ́kọ́ yínmú, nígbà tó sì gbìyànjú rẹ̀, kò dá a padà mọ́. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé mo sọ fún un pé níbi tí mo ti wá, èèyàn kì í wọlé bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó panu mọ́. Ó kọ́ ẹ kú iṣẹ́. Ó kọ́ ọ tán, ó wá ń fi kí ajá rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ kì í fi ẹ̀yin kí ajá." Ó ní ajá náà ti dàgbà, ọ̀wọ̀ tọ́ sí i. Kí ni n bá tún wí?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń jẹun nínú ọkọ̀ nítorí a kì í jẹun nílé iṣẹ́ òjé, fóònù dún. Ìyá mi ni. Kì í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi.

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà lọ́dọ̀ rẹ?" Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nínú búkà kékeré tó ń kó obì sí lẹ́yìn ilé ló wà.

"Rárá, Màmá. Kí ló dé? Ṣé Bàbá ni?"

"Bàbá rẹ ń bẹ. Èmi ni mo ti ṣe nǹkan."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́ fún yín. Kò sí ẹni tó mọ obì tọ́jú bíi tirẹ̀ láti Ìlá títí dé Ire. Láti ìkórè kan dé èkejì, obì rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n já a. Ó máa fọ̀ ọ́ mọ́, á fi ewé gbòdògì wé e sínú apẹ̀rẹ̀, á máa tú u wò, á ṣa èyí tí kòkòrò ti fẹnu kàn kúrò, á pa ewé dà. Bí ojú Bàbá ṣe wá ń ṣe bàìbàì, òun ló gba títọ́jú ọta àbọ̀ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Àti pé ìyá mi, ohun tó bá ti wọ ọwọ́ rẹ̀, ó di obì nìyẹn.

"Èèrà ló bo ahá bàbá rẹ," ó ní. "Wọ́n ń jẹ òrí ara ọta. Mo ní kí n gba ọta ọmọ mi lọ́wọ́ èèrà. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo fọ gbogbo òrí yẹn dànù. Mo wá fi ewé wé wọn."

"Ewé kẹ̀, Màmá?"

"Ewé gbòdògì, èyí tó tutù dáadáa. Mo ń wọ́n omi sí i kó má baà gbẹ."

Mo gbé oúnjẹ mi sílẹ̀.

"Nígbà tí mo tú u wò lónìí, wọ́n ti funfun. Gbogbo wọn ló hu ewú bí orí bàbá rẹ. Ọmọ mi, o mọ ohun tó sọ lọ́jọ́ tí ò ń lọ. Ṣé kì í ṣe pé mo ti fi ọwọ́ ara mi dí ọ lọ́nà ilé?"

Ó ń sunkún. Ẹ lè sọ pé mo ti rí ayé, mo ti mọ ìdí tí òjé fi ń funfun. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ìmọ̀ yẹn kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá wà nínú mi.

"Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ahá náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òfìfo ni."

"Ẹ má sunkún mọ́, Màmá. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé kankan súnmọ́ ọn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí mi."

Mo gbé fọ́tò náà lọ bá Màmá Hẹ́lẹ́nì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀gán, ahá, obì, ewé, ọ̀rọ̀ Bàbá. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó wo fọ́tò náà pẹ́, ó ní, "Ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ o. Ẹ̀rọ kan kò lè ba ọta jẹ́ tó báyìí." Ó wá ní kí n tẹ̀ lé òun.

Ní igun yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ gbogbo agolo yòókù, ó fa agolo kan jáde tí n kò rí i kó ṣí rí. Ó ní ọkọ òun ló da àwọn ọta inú rẹ̀, ọkùnrin náà sì ti kú tipẹ́tipẹ́ kí n tó mọ ọ̀nà Amẹ́ríkà. Ó ṣí i. Òórùn ìda jáde bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ ọ. Òjé náà kò yí padà. Ìda ara rẹ̀ ti le díẹ̀, ó sì ti sunkì, ṣùgbọ́n ó pé. Màmá Hẹ́lẹ́nì nawọ́ sí ọ̀kan nínú wọn láìkàn án. Mo tẹ̀ ba. Ojú àtàǹpàkò ni mo rí nínú ìda náà, ìlà ọwọ́ rẹ̀ yíká, yíká, bí ìlà inú igi tí wọ́n gé.

"Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn," ó ní. "N kò lè tà á, n kò sì lè yìn ín."

Mo kúnlẹ̀. N kò ronú sí i kí n tó ṣe é. Ọwọ́ òkú rèé tó ṣì wà nínú ìda, ara tó ni ín ti di erùpẹ̀, ọwọ́ náà kò yẹ̀. Ìyá náà rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá a nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi ní ohun tí Ìyá mi máa ṣe. Funfun yẹn májèlé ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ awọ lásán. Tí òjé abẹ́ rẹ̀ bá ṣì le, a lè dá a padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe Ìyá mi ní fídíò. Bàbá ti jókòó síwájú ilé. Ìyá mi wà lẹ́yìn búkà obì, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí aládùúgbò kan fún un, ó fi gèlè bo imú, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ jà.

"Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i o, Màmá. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ da òróró sí i lára kí lẹ́bú rẹ̀ má baà fò."

"Mo ti dà á."

"Ẹ wá fi àkísà nù ún, díẹ̀díẹ̀. Àkísà yẹn, ẹ ó gbẹ́lẹ̀ sin ín, ẹ ó sì fọ ọwọ́ yín dáadáa."

Ó nu ọ̀kan, ó fọ́ sí i lọ́wọ́. Ó nu òmíràn, ihò ti pọ̀ lára rẹ̀ jù. Kò wojú mi. Mo ní kó máa bá a lọ. N kò gbọ́ nǹkankan mọ́ ju àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìn ọgbà wa, mo sì ń gbàdúrà sí Ọlọ́run àti sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́. Lójijì Ìyá mi pariwo.

"Ó ń dúdú! Ọmọ mi, ó ń dúdú padà!"

Ó gbé e sún mọ́ fóònù títí n kò fi rí nǹkan kan mọ́ ju òjé lọ. Ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n ó ń dán. A rí díẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe yọ́ ìda àti òrí, bí yóò ṣe wọ̀ wọ́n ní ẹ̀wù tuntun, ó sì kó wọn sínú ìgò onídèérí. Ó ní, "Ṣé n kò gbọ́dọ̀ wọ́n omi sí i rárá?" Mo ní rárá o, Màmá. Ó ní ó dáa, àmọ́ kò jọ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìwé mi jáde nígbà tí mo ti fẹ́ẹ́ dẹ́kun àtiretí rẹ̀. Màmá Hẹ́lẹ́nì ló gbé mi lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," nítorí kò mọ òmíràn, mo sì dì mọ́ ọn.

Ọ̀kadà ló gbé mi láti gáréèjì dé ẹnu ọ̀nà wa ní Ìlá. Bàbá jókòó síwájú ilé, ó kéré ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Kò rí mi. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ìyá mi dé," ó ní, kì í ṣe ìbéèrè. Mo wólẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ó fọwọ́ pa orí mi, ó fọwọ́ pa ojú mi, ó fọwọ́ kan etí mi méjèèjì. Kò jẹ́ kí n mu omi tán kó tó ní kí wọ́n gbé ìbọn òun wá.

Ìyá mi gbé ìgò dé. Bàbá mú ọta kan, ó yí i láàrin ìka, ó dúró, ó tún yí i.

"Ara ọta yìí rí gbágungbàgun."

Èmi àti ìyá mi wo ara wa.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ó ní, "ojú ló ń dùn mí, imú mi ò fọ́. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti fọ ọta mi ni mo ti mọ̀. Ọta wo ló ń ta sánsán ọṣẹ bí ìkókó?"

"Yéè! Ẹ mọ̀, Bàbá, ẹ wá dákẹ́?" Ìyá mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ni n bá wí? Ò ń wọ́n omi sí i láràárọ̀, ò ń pe orúkọ ọmọ. Mo ní kí n jẹ́ kí o máa pè é."

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ńkọ́, Bàbá?" mo ní. "Ẹ ní tó bá bàjẹ́, n kò ní fẹsẹ̀ ara mi wọlé."

"Ṣé ó bàjẹ́ ni? Ewú ló hu. Ewú kì í ṣe àìsàn."

A mú un lọ sẹ́yìn ilé. Ọ̀gán náà tóbi ju ilé adìẹ lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì gan-an kò lè tàsé rẹ̀. Ó ní kí gbogbo ayé bọ́ sẹ́yìn òun. Ó fi aṣọ tí wọ́n ti ra ní òrí wé ọta náà, ó tì í wọ ẹnu ìbọn. Mo di etí mi, mo tún ṣí i, nítorí mo ti dúró tipẹ́ jù láti má gbọ́ ọ. Ìbọn dún. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Erùpẹ̀ pupa ya lára ọ̀gán náà, ẹyẹ gbéra lórí igi obì, ìyá mi sì ń sáré kiri, ó ń kígbe pé, "Ó gbọ́! Ilẹ̀ ti gbọ́!" Mo bú sẹ́kún bí ọjọ́ tí àbúrò Bàbá dé láti Gánà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò kí wa tán, tí ó ku àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá fọwọ́ sí àpò dàńṣíkí rẹ̀, ó yọ àdó kékeré kan.

"Èyí kò bá àwọn yòókù wẹ̀ o," ó ní. "Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú ahá ní ọ̀sẹ̀ tí o lọ."

Ọta kan ló wà nínú rẹ̀, nínú òrí tó ti le. Ojú àtàǹpàkò wà lára rẹ̀, ó wọlé dáadáa, nítorí ó ti ní kí n jẹ́ kó nípọn. Èmi ni.

"Àràárọ̀ ni mo máa ń fi ọwọ́ mi sójú tìrẹ," ó ní, "kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Mo rántí agolo Màmá Hẹ́lẹ́nì, ara mi sì bù máṣọ. Mo fi àtàǹpàkò mi sí i. Kò wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ti sọ ọwọ́ mi di ńlá, awọ rẹ̀ ti le.

"Kò gbà mí mọ́, Bàbá."

"Ó gbà ọ́. Òrí ló sunkì." Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bo ọwọ́ mi. "Dì í mú kó gbóná díẹ̀."

A jọ dì í mú. Òrí náà rọ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́. Bàbá gbà á, ó fi ìka yẹ ojú tuntun náà wò, ó mi orí pé ó ti dáa. Lẹ́yìn náà ló dá a padà sínú àdó, ó sì dé e.

"Bàbá, ṣé ẹ kò ní yìn ín ni? Mo ṣáà ti dé."

"O ti dé," ó ní. "Ṣé o kò ní padà lọ ni?"

Ó ti àdó náà bọ àpò, ó fọwọ́ lù ú pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọta rẹ wà ńbí o."